Fíìmù tí ẹ̀dá òfurufú ti ń wó ìlú: 2D, 3D àbí IMAX, ibo ni kí a jókòó sí?

Ajífíìmù
Ẹ kú ìjíròrò o. Fíìmù olówó ńlá kan ń bọ̀, èyí tí àwọn ẹ̀dá òfurufú ti ń pa ìlú run. Ìdajì irú fíìmù báyìí, òru àti èéfín ni. Bí ilé bá sì ti ń wó, ohùn àwọn òṣèré a rì sínú ariwo. Èwo ni kí n mú nínú 2D (àwòrán lásán), 3D (èyí tí à ń fi awò wò) àti IMAX (síkíríìnì gbàgàdà)? Ìlà wo ni kí n gba ìjókòó sí? Ọmọ ọdún 8 wà lára àwa tí à ń lọ.

Ìmọ́lẹ̀Ojú
Ẹ mú 2D, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún 2D ni candela 48 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Nínú 3D, ojú kọ̀ọ̀kan ń gba àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, awò tí ẹ wọ̀ sì tún ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà ohun tó ń dé ojú yín kì í sábà tó ìdajì ìyẹn. Ìran ọ̀sán á ṣì hàn. Ọkọ̀ dúdú nínú èéfín dúdú lóru ni kò ní hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fíìmù báyìí ń yára fò láti àwòrán kan sí òmíràn. Kí ojú tó mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó, òmíràn ti wọlé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá laser ni projector wọn (ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sí síkíríìnì) ń lò àbí gílóòbù xenon. Gílóòbù xenon ń ṣókùnkùn bó ṣe ń pẹ́, àwọn gbọ̀ngán kan kì í sì tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Sípíkà_Àárín
Ọ̀rọ̀ ohùn ni tèmi. Sípíkà àárín, lẹ́yìn síkíríìnì gan-an, ni ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sábà máa ń ti jáde. Ihò wínníwínní ara síkíríìnì ló ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ariwo ìwólulẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn wá. Ẹni tó jókòó ti ògiri ti sún mọ́ ariwo ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló burú jù, torí ohùn ńlá tó ń mi ìjókòó máa ń kó jọ sí ara ògiri àti igun, a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jókòó sí agbedeméjì ìlà, níbi tó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ̀ngán láti iwájú. Ẹ lè ṣírò rẹ̀: kí ẹ jìnnà sí síkíríìnì ní ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀ kan sí ìwọ̀n kan ààbọ̀. Bó bá fẹ̀ ní mítà 14, mítà 14 sí 21 nìyẹn. Bí ẹ bá ní láti gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ tó rí òkè àwòrán, ẹ ti sún mọ́ jù.

Ajífíìmù
Ẹ ṣeun gan-an. IMAX wá ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ pé 3D nìkan ló kù?

Ìmọ́lẹ̀Ojú
Ó tọ́ kí ẹ san owó IMAX bó bá jẹ́ pé wọ́n ya fíìmù náà fún un. Ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá jẹ́ 2.39:1 (fífẹ̀ sí gíga), síkíríìnì IMAX sì jẹ́ 1.90:1 ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wọn ò bá ṣe àwòrán tó ga, ọ̀já dúdú ni ẹ máa rí lókè àti nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, ẹ ó rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí i, ohun tí ọkọ̀ tó bo gbogbo ojú ọ̀run sì nílò gan-an nìyẹn.

Bó bá di dandan kó jẹ́ 3D, ẹ má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rárá: síkíríìnì fàdákà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ń tàn láàárín, ó sì ń ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ nu awò kí iná tó kú. Bí àwòrán bá di méjì nígbà tí ẹ fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e dúró ṣánṣán. Irú awò kan kò gba kí orí tẹ̀.

Etí_Ọmọdé
Ẹ má gbàgbé ọmọ náà o. Ààlà ariwo tí NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi lélẹ̀ fún àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni 85 decibel fún wákàtí 8. Gbogbo 3 tó bá kún un ń gé àkókò náà sí ìdajì: ní 91, wákàtí 2 péré ni. Ìbúgbàmù nínú sinimá lè kọjá 100 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fóòmù tí à ń kì bọ etí kì í sábà bá etí ọmọdé mu, ó sì ń bo ọ̀rọ̀. Èyí tó bo gbogbo etí látìta ló dára, ọmọ lè ṣí i nígbà tí ìran bá rọlẹ̀.

Bí wárápá tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń fà bá wà lára ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Bí ìbọn iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà léraléra, kí ẹni náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá, kó sì yí orí kúrò. Pípa ojú méjèèjì dé kò tó, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ara ìpéǹpéjú wọlé.