Iṣẹ́ ọlọ́pàá ní England àti Wales fún ẹni tó ní ILR: ẹ bá wa dá sí i

Bùnmi
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ di ọlọ́pàá níbí, kọ́ńsítébù gidi o, kì í ṣe sìkíọ́rítì. ILR (àṣẹ láti máa gbé UK láìní gbèdéke) ló ní, kò tíì di ọmọ onílùú. Ṣé wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀? Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Wálé
Bùnmi, kú àárọ̀. ILR tó o. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tí ìjọba kò fi gbèdéke sí ìgbé rẹ̀ níbí sì lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ náà. Físà iṣẹ́, físà akẹ́kọ̀ọ́ àti Graduate visa ni kò ṣeé gbé lọ síbẹ̀. Kó wọ àkáǹtì UKVI rẹ̀ (ti iléeṣẹ́ físà UK) lọ wò bóyá pásípọ́ọ̀tù tó ń lò báyìí ló so mọ́ ọn, torí eVisa, ìyẹn físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n máa wò, ayé káàdì ìgbélùú BRP ti kọjá.

Ó tún gbọ́dọ̀ ti gbé ní UK fún ọdún 3 gbáko kó tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe vetting (ìwádìí nípa ìgbésí ayé ẹni) ló ń béèrè èyí: wọn ò lè yẹ ẹni tí wọn ò rí ipasẹ̀ rẹ̀ wò.

Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbani. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá 43 ló wà káàkiri England àti Wales, kálukú ló ń gba tirẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Òmíràn á ṣílẹ̀kùn fún ọjọ́ díẹ̀, á tún tì í pa. Ojúlé Joining the Police lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fi èyí tó ṣí hàn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà kéèyàn wà lórí ìlà níbi méjì, nítorí náà kó mú ibi tó lè dé ní ìdájí kí bọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Scotland yàtọ̀ pátápátá, iléeṣẹ́ kan ni wọ́n ní, ìlànà tiwọn ni wọ́n sì ń tẹ̀lé.

Màmá Tóbi
Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà àbáwọlé náà ṣe pàtàkì. PCEP (Police Constable Entry Programme), ọdún 2 ni, kò gba dígírì, kì í sì í fúnni ní dígírì. PCDA (Police Constable Degree Apprenticeship), ọdún 3, á máa gbowó oṣù, á sì gba dígírì níparí. DHEP (Degree Holder Entry Programme) wà fún ẹni tó ti ní dígírì tẹ́lẹ̀, ọdún 2 lòun náà. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá jẹ́ WAEC tàbí dígírì ilé ló fẹ́ lò, kó tètè gba Statement of Comparability, ìwé tó ń sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí òkèèrè bá dọ́gba ní UK, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ UK ENIC. Owó ni wọ́n ń san fún un, kò sì yẹ kó dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Kò sẹ́ni tó máa jókòó sí iwájú rẹ̀: ìbéèrè á hàn lójú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á máa gbà á sílẹ̀. Ìbéèrè 5 ni wọ́n sábà máa ń bi èèyàn, ìṣẹ́jú 1 láti ronú, ìṣẹ́jú 5 láti dáhùn. Ilé wa kọ́ wa pé ká má máa gbé ara wa ga, la bá ń sọ pé "a ṣe é, a parí ẹ̀". Ẹni tó ń fún un ní máàkì ò rí ibi tó máa fi "a" sí. "A parí ìjà àwọn oníbàárà méjì" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wo èyí: "Mo ní kí ọ̀kan lọ jókòó sí yàrá kejì, mo gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí n tó lọ bá ìkejì, mo kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, mo sì tún pè wọ́n lọ́sẹ̀ kejì wò." Ibẹ̀ ni máàkì wà. Iṣẹ́ care (ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera), iṣẹ́ wíàháùsì, iṣẹ́ usher ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló wúlò, bó bá ṣáà ti jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Kó má ka ìwé lójú kámẹ́rà o, ojú èèyàn máa ń tú àṣírí ẹ̀.

Ìdánwò kíkọ jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Wọ́n á kó ìwé nípa ìṣòro kan fún un, á fi kọ àbá ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹni tó bá fi ààbọ̀ àsìkò kàwé kì í dé orí àbá.

Bùnmi
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ohun kan ń kọ mí lóminú. Orúkọ bàbá wa ló wà lórí WAEC rẹ̀, orúkọ bàbá bàbá wa ló wà lórí pásípọ́ọ̀tù.

Ẹ̀gbọ́n Wálé
Ìyẹn ò burú tó bá sọ ọ́. Gbogbo orúkọ tó ti jẹ́ rí ni fọ́ọ̀mù vetting ń béèrè, kó kọ méjèèjì, kó fi ìwé ìbúra kóòtù tì í. Tó bá kọ ọ̀kan ṣoṣo tí ìkejì wá yọjú lórí sàtífíkéètì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti orúkọ, ó ti di ti òtítọ́ inú, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń lé èèyàn.

Kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìròyìn ẹbí jọ báyìí: òbí, gbogbo ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, ìyàwó, àwọn àna, àti gbogbo ẹni tó ń gbé ilé náà, títí kan ẹni tó háyà yàrá. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́ẹ̀sì. Ilé oníyàwó púpọ̀ á ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbí. Ọjọ́ ìbí tí kò bá mọ̀, kó kọ ọ́ pé òun ò mọ̀ ọ́n, kó má fojú bù ú. Mọ̀lẹ́bí tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kì í dédé ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n á wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Tó bá fi pamọ́ ni nǹkan bàjẹ́.

Ti òun fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Caution (ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀), ìtanràn wíwa mọ́tò ní eré àsápajúdé, kí wọ́n mú un kí wọ́n sì tú u sílẹ̀, níbí àti nílé, kó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin sọ pé ó ti di àtijọ́ fún àwọn iṣẹ́ míì kò tíì di àtijọ́ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Gbèsè wá ńkọ́. CCJ (ìdájọ́ gbèsè láti kóòtù) tí kò tíì san, IVA (àdéhùn láti máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀) tó ṣì ń lọ, tàbí bankruptcy (ìwọ-gbèsè) tí kò tíì pé ọdún 3 tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú rẹ̀, wọn ò ní gbà á. CCJ ló ń jáni láyà jù. Èèyàn á kó kúrò nílé, bíìlì fóònù kékeré kan á kù sílẹ̀, lẹ́tà kóòtù á máa lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, kò sì ní mọ̀ rárá. Kó gba ìwé kírédíìtì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Experian, Equifax àti TransUnion, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Tó bá san CCJ láàárín oṣù kan tí wọ́n dá a, wọ́n á pa á rẹ́. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ọdún 6, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ pé ó ti san.

Iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà, bí Uber, oúnjẹ òde àríyá tàbí ilé tó ń háyà fúnni, kó sọ ọ́. Ọ̀gá ló máa pinnu bóyá wọ́n á gbà á láàyè.

Ṣẹ́gun
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti eré sísá kún un. Bleep test ni, eré àlọ-àbọ̀ tí ohùn kan ń dún láti darí, mítà 15 lọ, mítà 15 bọ̀, títí dé ìpele 5.4: ìlọ 35, mítà 525 lápapọ̀. Kò le. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn bẹ́ síwájú níbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sá fún òjò. Kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun àti ohùn náà jọ kan ìlà, kó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yí padà.

Ojú (6/12 ni pé ó rí láti mítà 6 ohun tí ojú tó dá ṣáká rí láti mítà 12): 6/12 ní ojú ọ̀tún tàbí ti òsì, 6/6 tó bá la méjèèjì pọ̀, wọ́n gba gíláàsì láàyè. Láìwọ gíláàsì, kò gbọ́dọ̀ burú ju 6/36 lọ. Wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò fún oògùn olóró, nítorí náà kó kọ gbogbo oògùn tó ń lò sílẹ̀, títí kan èyí tó ní codeine (oògùn ìrora) nínú.

Bùnmi
Olúwa á san án fún yín. Àbúrò mi ti ń sọ pé tí lẹ́tà bá ti dé, òun á fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n Wálé
Kó má dán an wò! Conditional offer, ìyẹn ìgbanisíṣẹ́ tó ṣì ní àmọ́ nínú, ni lẹ́tà àkọ́kọ́, vetting àti àyẹ̀wò ìlera lè ṣì wà níwájú, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Lẹ́tà tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nínú, tó sọ pé gbogbo àyẹ̀wò ti parí, ìyẹn ni kó dúró dè. Kó wo iye ọ̀sẹ̀ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ń béèrè fún notice, kó sì sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó mú ọjọ́.