Ẹwìrì, apààrọ̀ ooru, ojú iná: orúkọ tó ń ṣini lọ́nà nínú ìléru gáàsì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àkójọ orúkọ Yorùbá tí ẹ fi ránṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ìléru gáàsì, ẹ̀rọ tí ń mú gbogbo ilé gbóná, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. "Ìléru" fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Àwọn kan ní ó ń rán àwọn létí Ṣádírákì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní "amúlégbóná" ló yẹ. Ṣùgbọ́n amúlégbóná lè jẹ́ ti iná mànàmáná. Ìléru ní iná tó ń jó nínú àhámọ́. "Asẹ́" fún èyí tí ń sẹ́ eruku náà dára.

Ẹwìrì ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Fáànù méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, èyí tó tóbi ni ẹ pè ní ẹwìrì. Iná ni ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fẹ́. Fáànù ńlá yìí kò fẹ́ná rárá: iná á ti jó fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kó tó bẹ̀rẹ̀, ara irin gbígbóná níta ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Kékeré ló ń ṣáájú. Ó ń fa èéfín jáde. Bó bá fà á tó, súwíìṣì tó ń wọn agbára atẹ́gùn á jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, atanná, ohun tí ń tan gáàsì, á pọ́n yòò, fáàfù gáàsì á ṣí. Ẹni tí iná rẹ̀ kò ràn, tó gbọ́ "ẹwìrì", á lọ tú fáànù ńlá, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ síbi súwíìṣì yẹn ló là, tàbí páìpù tí omi ń gbà jáde ló dí. Mo dábàá "afèéfín" fún kékeré, "afọ́nooru" fún ńlá.

"Apààrọ̀ ooru" ńkọ́? Pààrọ̀ ni pé tèmi wá sọ́dọ̀ rẹ, tìrẹ wá sọ́dọ̀ mi. Irin gbígbóná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí èéfín ń gba inú rẹ̀, tí atẹ́gùn ilé ń gba ìta rẹ̀, ni ẹ pè bẹ́ẹ̀. Ooru nìkan ló gbọ́dọ̀ gba ara rẹ̀ kọjá. Ìkòkò tí a gbé kaná ni: omi á gbóná, èéfín ò ní wọnú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìkòkò ooru". Bí wọ́n bá wá ní ìkòkò sán, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé nǹkan lè dàpọ̀. Nǹkan ọ̀hún ni kábọ́ọ̀nù mónókísáídì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Ìkòkò tó bá sán, a kì í lẹ̀ ẹ́: pa ẹ̀rọ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni "pààrọ̀" ti wúlò.

"Ojú iná" ló burú jù. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, síkúrù kan ṣoṣo ló dè é, orí rẹ̀ wà láàárín ahọ́n iná. Kò rí nǹkan kan. Bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ ń rán iná mànàmáná sí i. Ahọ́n iná á jẹ́ kó gba ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá dé ara bọ́nà, ibi tí gáàsì ti ń jó, iye rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín microamp 1 sí 6 (ó kéré gan-an: microamp kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù áńpù). Bọ́ọ̀dù bá rí i, ó gbà pé iná wà. Bí kò bá rí i, ó ti fáàfù. Atanná tó pọ́n yòò ì bá tan ojú jẹ, kò lè tan ọ̀pá yìí jẹ. Ẹ̀rí ló ń jẹ́. "Ẹlẹ́rìí iná" lorúkọ rẹ̀.

Orúkọ yìí sì mọ àìsàn rẹ̀. Bí iná bá ràn, tó jó fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tó kú, tó tún ràn, tó tún kú, tí ẹ̀rọ wá takú, ẹnu ẹlẹ́rìí ló sábà máa ń dí. Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́ ti bò ó, ojú lásán lè má rí i. Pa iná mànàmáná àti gáàsì, tú síkúrù, fi kànìnkànìn onírin tó kúnná ra á títí yóò fi dán, fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Má fi sáńpépà líle ha á. Má fọwọ́ kan atanná tó wà nítòsí. Òróró ọwọ́ lè jẹ́ kó tètè fọ́. Bí ọ̀pá bá dán tí iná ṣì ń kú, wo wáyà áàtì: ọ̀nà ẹ̀rí lè ti gé.

Iná tó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí afọ́nooru ṣì ń fẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ẹlẹ́rìí. Asẹ́ ló sábà máa ń dí, tí ìkòkò á gbóná jù, tí súwíìṣì ààbò á gé gáàsì. Asẹ́ tó nípọn ní ínṣì 1, oṣù kan sí mẹ́ta là ń lò ó ká tó pààrọ̀ rẹ̀.

ÌDÁHÙN

Mo gba ìkòkò ooru. Àmọ́ ènìyàn ló ń jẹ́ ẹlẹ́rìí, irinṣẹ́ kọ́. "Ìjẹ́rìí iná" ńkọ́? Lẹ́yìn náà, gáàsì tó bá jó dáadáa kì í rú èéfín tí a lè rí. "Afèéfín" ti purọ́ nìyẹn.

ÈSÌ

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọlọ kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, ìyá odó ò sì bímọ rí. Ní ti èéfín, ẹ mú mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nídìí ọkọ̀ tuntun, a kì í rí i, èéfín náà là ń pè é.

Èyí tó kù ni "takú", bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbìyànjú títí. Ẹnì kan kọ "ó kú" sínú àkójọ. Kò kú: pa iná mànàmáná rẹ̀, tún un tàn, á tún gbìyànjú. Ẹ yọ "ó kú" kúrò.