Ṣé ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún mi ní kékeré ṣì kà lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, Kúdẹtì n'Ìbàdàn níbí, wọ́n bu omi sí mi lórí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Mo dé yunifásítì mo bá àwọn Onítẹ̀bọmi lọ, àwọn yẹn ní ti ọmọdé ò kà, ni wọ́n bá rì mí bọmi pátá, mo mumi yó lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí ọmọ Àgùdà ni mo fẹ́ fẹ́, Fàdá wọn ní kí n mú sẹ́tífíkéètì wá, pé tó bá ti jẹ́ omi, lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, àwọn kì í tún un ṣe. Eku ti jẹ ti Áńgílíkà yẹn nínú àpótí màámi, orúkọ bàbá mi nìkan ló kù tó hàn! Ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n ní Kúdẹtì kí wọ́n wo rẹ́gísítà ni àbí kí n mú ti Onítẹ̀bọmi lọ? Fàdá tún ní bíṣọ́ọ̀bù àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, ta ló ti ṣe é rí, ó pẹ́ tó báwo? Àti pé ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ mi nìkan láá gba ara Olúwa lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Màámi ti ń fajú ro. Ẹ má sọ pé kí n kúkú di Àgùdà o, ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.