Míkísà wo ni kí a rà fún ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Akọrin_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbà tó èèyàn 200. Páànù lòrùlé rẹ̀, kò sí síliǹ. Tí a bá ti so láptọ́ọ̀pù tó ń gbé orin sójú projẹ́kítọ̀ mọ́ míkísà, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn máìkì àti orin pọ̀ kó tó dé sípíkà, sípíkà á máa kùn hùùù bí ilé oyin. Tí pásítọ̀ bá tún sọ̀ kalẹ̀ wá gbàdúrà fáwọn èèyàn, máìkì á máa súfèé fíìì, àwọn ìyá àgbà á fọwọ́ di etí. Ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní míkísà ti gbó, ká ra tuntun. Owó ti ń wọlé. Èwo ló dáa?

BàbáWáyà:
Ẹ ṣì fọwọ́ mú owó yẹn ná. Ẹ fa ṣájà láptọ́ọ̀pù yọ, kó máa lo bátìrì rẹ̀. Tí kíkùn náà bá dúró, míkísà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń gba iná yàtọ̀ síbi tí míkísà ti ń gbà á, ẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ò sì dọ́gba. Wáyà orin tí ẹ fi so wọ́n pọ̀ wá di ojú ọ̀nà tí iná ń gbà sáré láàárín wọn. Iná tiwa ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi láptọ́ọ̀pù, projẹ́kítọ̀ àti míkísà sójú iná kan náà. Tí kò bá lọ, ẹ ra DI box, àpótí kékeré tí wáyà orin máa ń gbà kọjá kó tó dé míkísà, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ ground lift sí.

Ọmọ_Onígángan:
Tiwa rọrùn jùyẹn lọ. A tú pulọ́ọ̀gì míkísà, a yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

BàbáWáyà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dá wáyà yẹn padà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi! Ọjọ́ tí iná bá jò sára míkísà, irin máìkì tó wà lẹ́nu akọrin ló máa bá jáde. DI box ń gé ẹ́ẹ̀tì lára wáyà orin, kì í gé e lára iná.

Ọmọ_Onígángan:
Háà. Lónìí ni.

Jímọ̀_Ọ̀yọ́:
Ti máìkì tó ń súfèé, àwa náà jẹ níbẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Sípíkà wa wà lára ògiri tí Lèmọ́mù kọjú sí, ó dojú kọ máìkì ọrùn aṣọ wọn gbọnrangandan. Máìkì ń gbọ́ sípíkà, sípíkà ń gbé ohun tó gbọ́ jáde, máìkì tún ń gbọ́ ọ, títí ó fi di igbe. A gbé sípíkà sẹ́yìn wọn, ó wá kọjú sáwọn èrò, ó tán. Tiyín náà, ẹ gbé sípíkà kọjá ibi tí pásítọ̀ máa ń dúró sí. Kí wọ́n má sì fọwọ́ bo orí máìkì. Irú máìkì àfọwọ́mú tí wọ́n ń pè ní SM58 ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti bò ó lórí, ibi gbogbo ni yóò máa gbọ́.

Akọrin_Ìbàdàn:
Mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. A yọ ṣájà, kíkùn náà dínkù, kò tán. Ọmọ tó ń bójú tó projẹ́kítọ̀ bá fa wáyà HDMI yọ, èyí tó ń gbé àwòrán láti láptọ́ọ̀pù lọ sí projẹ́kítọ̀. Kẹ́kẹ́ pa!

BàbáWáyà:
Ẹ wò ó, mo gbàgbé HDMI! Ẹ́ẹ̀tì wà nínú òun náà, ara projẹ́kítọ̀ ló ti ń bọ̀. DI box ló kàn.

Akọrin_Ìbàdàn:
A ti rà á, ó ti dákẹ́. A bẹ pásítọ̀ pé kí wọ́n má kọjá sípíkà, wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í dúró de sípíkà. La bá gbé sípíkà síwájú. Ìgbìmọ̀ wá ń bèèrè bóyá kí wọ́n fowó tó kù kan síliǹ.

Jímọ̀_Ọ̀yọ́:
Ẹ ta aṣọ ìkélé tó nípọn sára ògiri ẹ̀yìn ná, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn tó ń ta padà máa dínkù. Tó bá jẹ́ ti òjò orí páànù, síliǹ nìkan ló lè gbà yín.