Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ kí ẹ tó pe káfíńtà

Ọmọ Ọ̀tún (Barrie, Kánádà):

Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè mi, Ọ̀tún ni mo wà láti ìparí oṣù kẹfà. Bí iléèwé àwọn ọmọ ṣe gba ìsinmi ní Ontario la wọ bàálù, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo gbà níbi iṣẹ́. Lọ́dọọdún, irú àsìkò yìí ni mo máa ń kun pákó ẹ̀yìnkùlé wa ní Barrie, tí mo máa ń kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé, tí mo máa ń bu omi sí ata. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, a ó gbé jọ̀ọ́fù sínú kúlà, a ó lọ jókòó létí Lake Simcoe. Lọ́dún yìí mo ní kí n kúkú wá lo ọwọ́ yẹn sára ilé bàbá mi.

Owó kòkó ló kọ́ ilé ọ̀hún. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni iwájú, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yàrá ilẹ̀ wà, òrùlé wọn fara ti ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Yàrá ilẹ̀ yìí ni ìyá mi ń sùn láti ìgbà tí orúnkún ò ti jẹ́ kí wọ́n gun òkè mọ́, ó sì ti ń jò fún bí ọdún márùn-ún. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ sílíǹ. Ìgbà mẹ́ta náà ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún mi: sílíǹ funfun báláú, káfíńtà dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò ní tíì dá tí àbàwọ́n á tún fi yọ síbi kan náà, bíi kí wọ́n da tíì sí bébà. Mo bú káfíńtà yẹn lórí fóònù títí ó fi dẹ́kun gbígbé ìpè mi.

Nígbà tí a dé, ojú ọjọ́ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gbogbo ẹni tó wá kí wa káàbọ̀ ló ń sọ pé kí n yáa wá ẹni tí yóò gun òrùlé kí òjò tó dé. Mo ní rárá o. Ilé tí mo rà ní Kánádà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó gbà wọlé. Rọ́bà omi la fi ń wá a lọ́hùn-ún: ẹnì kan á wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì á máa wọ́n omi sí òrùlé láti ìta. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì pẹ́ lójú kan kí ẹ tó sún. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn gba orí gbogbo ihò tó wà nísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Àmọ́ l'Ọ́tùn-ún, ẹ̀rọ omi wo ló fẹ́ tu omi dé òrùlé? Oṣù keje la sì wà. Òjò kì í gbowó.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló dé, pẹ̀lú ìjì. Mo gbé àkàbà, mo wọ àjà, mo so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. (Inú àjà ni mo ní o. Ẹ má gun orí pánù tútù, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ.) Ìgbẹ́ àdán kún ibẹ̀, àwọn àpò kòkó bàbá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eku ti bímọ sínú wọn. Mo rá dé òkè ibùsùn ìyá mi. Pánù ibẹ̀ gbẹ. Kò sí ihò, kò sí ìpẹtà. Mo wá tan iná sí abẹ́ igi òrùlé, ni mo bá rí i: omi tín-ín-rín bí òwú, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ igi, ó ń rìn bọ̀ láti òkè. Ó dé ibi tí ìṣó kan ti gún igi náà yọ, ó dúró, ó wú, ó já bọ́ sórí sílíǹ. Òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ̀ lé e padà. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá kí n tó bá orísun rẹ̀: ibi tí orí pánù yàrá ilẹ̀ ti kan ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Símẹ́ǹtì lásán ni wọ́n fi dí ojú ibẹ̀. Oòrùn á yá pánù, pánù á nà, alẹ́ á tutù, á sún kì. Símẹ́ǹtì kò mọ̀ ọ́n nà, ó ti là láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Gbogbo omi tó ń ṣàn lára ògiri òkè, inú ilé ló ń wọ̀ tààrà.

Mo pe káfíńtà yẹn kan náà. Mo tọrọ àforíjì kí ó tó jókòó. Ó ní, "Bọ̀dá, sílíǹ lẹ ní ó bàjẹ́, sílíǹ ni mo ṣe." Kí ni mo fẹ́ sọ? A jọ ṣe é ní ọjọ́ kan ààbọ̀. A gbẹ́ ojú tóóró sára ògiri, bí ìka mẹ́jọ sókè pánù, gbogbo gígùn rẹ̀. A gé pánù pẹlẹbẹ, a ká etí rẹ̀ wọ inú ojú náà, a jẹ́ kí ìyókù wọ́ sílẹ̀ bo orí pánù òrùlé bí ìborùn, a wá fi símẹ́ǹtì dí ojú tí a gbẹ́ nìkan. A kò kàn án mọ́ pánù ìsàlẹ̀, kí ìyẹn lè máa nà kó máa sún kì bó ṣe wù ú. Ẹ bèèrè pánù tó nípọn tó mìlímítà 0.55 o. Èyí tó jẹ́ 0.45 máa ń tẹ̀ bí ẹ bá ti fọwọ́ bà á, ìyẹn tó bá tiẹ̀ pé iye tí wọ́n pè é.

Ìsàlẹ̀ ògiri náà ń bó. Mo fẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ǹtì tó le dáadáa tún un rẹ́, birikílà àgbà kan ní kí n má dán an wò: amọ̀ ń mu omi látinú ilẹ̀, símẹ́ǹtì ò jẹ́ kó mí, òun náà ni yóò tì í bọ́ sílẹ̀. Ó ní òṣòòrò ni kí n bá wí. A wa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kó omi lọ sẹ́yìnkùlé, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí òṣòòrò ń bọ́ sí kó má baà máa ta ẹrẹ̀ sí ògiri. Kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ.

Ọgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Àwọn ọmọ gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá pẹ̀lú ìyá mi, inú wọn dùn, wọ́n ń bu omi sí i láàárọ̀ láìka pé òjò rọ̀ mọ́jú. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ tẹ̀tẹ̀ tán lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọmọ mi kékeré ní kí a pe ọlọ́pàá.

Sátidé tó kọjá a lọ sí dáàmù Ìkùn-Èkìtì. Ẹ̀yin tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí ariwo, omi tẹ́ lọ bí awò, àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn lókèèrè. Láti Kánádà ni mo ti kó ẹ̀wù ìfólé omi àwọn ọmọ wá, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, torí òfin ọ̀hún ni pé iye èèyàn tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi, iye ẹ̀wù náà tó bá wọn mu ni kó wà níbẹ̀, ó ti mọ́ wa lára. Apẹja kan kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń lọ, ó ní ṣé a lè fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọmọ òun. A fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ ẹsẹ̀ bọ omi létí ibi tí koríko wà, a jẹ ẹja yíyan, a padà sílé.

Ìyá Ìbejì (Houston):

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí Mọ̀mí sí láti sùn níbẹ̀ pẹ́. Ọ̀rọ̀ ewédú yẹn lẹ fi pa mí lẹ́kún o. Èyí tí mo gbìn ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá kò ga ju orúnkún lọ tó fi ń yọ òdòdó, ewé rẹ̀ bí èékánná. Ooru ṣì wà ní Houston nígbà yẹn, ilẹ̀ sì dára. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ọ̀tún:

Ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìgbà ló pẹ́. Ewédú ń ka wákàtí ìmọ́lẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú lọ sí wákàtí méjìlá, ó gbà pé àsìkò èso ti tó, ewé kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ gbìn ín ní oṣù kẹrin, nígbà tí ọjọ́ ń gùn lọ. Ní Barrie, ìmọ́lẹ̀ oṣù kẹfà ju wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣe ni mo ń rẹ́ ẹ tó ń tún yọ. Àléébù tiwa ni òtútù: inú ilé ni mo ń hù ú sí, mi ò gbé e jáde àfi lẹ́yìn Victoria Day ní ìparí oṣù karùn-ún. Ẹ má sì gbàgbé omi gbígbóná. Ìyá mi máa ń di irúgbìn náà sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á ka ení, èjì dé ẹ̀wá, wọ́n á fà á yọ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ kò ní hù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Adó-Èkìtì):

Ọmọ Ọ̀tún, iṣẹ́ òrùlé yẹn wú mi lórí. Àmọ́ mo fẹ́ bá ọ jà díẹ̀. Ta ló ní kí o jẹ́ kí àwọn ọmọ ti ẹsẹ̀ bọ omi létí koríko? Ibẹ̀ gan-an ni ìgbín omi kéékèèké ń gbé. Kòkòrò tó ń tinú wọn jáde kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, kò nílò egbò, awọ ara ló ń gún wọlé. Òun ló ń fa àtọ̀sí ajá, tí ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ kò dí i lọ́nà. Omi kò ní láti dọ̀tí kó tó ní in o, èyí tó tòrò tó dúró jẹ́ẹ́ náà lè ní in.

Ọmọ Ọ̀tún:

Mà, ẹ ṣàánú mi. Létí Lake Simcoe, ohun tí ìgbín omi ń fà kò ju kí ara máa yún ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan lọ, mo rò pé bákan náà ni. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Mọ̀lẹ́bí ni kòkòrò méjèèjì, àmọ́ ti Kánádà lọ́hùn-ún, ti ẹyẹ omi ni, inú awọ èèyàn ló ń kú sí. Tiwa mọ ọ̀nà dé àpò ìtọ̀. Má bẹ̀rù. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ kò lè rí i. Jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìyẹn á bọ́ sí ìgbà tẹ́ ẹ bá ti padà, kí o wá sọ fún dókítà yín pé wọ́n wọ omi adágún ní Nàìjíríà. Sọ ọ́ kedere, torí bí o kò bá sọ, kò ní wá sí wọn lọ́kàn. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, ó máa ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣeré nínú omi, kó wọn lọ sí Ìkọ́gọ̀sì, kí wọ́n rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé.

Ọmọ Ọ̀mùò (Dublin):

Ní tèmi, Kérésì nìkan ni mo ń rí àyè wálé. Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn, òjò kan kò sí. Ṣé kí n kàn máa bá àwọn káfíńtà jà lọ ni?

Ọmọ Ìjerò (Leeds):

Má bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ àjà ní ọ̀sán gangan, ti gbogbo fèrèsé, pa tọ́ọ̀ṣì. Ihò tó bá wà á tàn bí ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà tan tọ́ọ̀ṣì padà, wo ara igi: ojú ọ̀nà omi máa ń fi àmì dúdú sílẹ̀, ìṣó tó bá gbà á kọjá á ti pẹtà. Tọ̀ ọ́ gòkè. Bí ó bá ṣì rú ẹ lójú, korobá omi mẹ́wàá àti ọmọkùnrin kan tó lágbára, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Èmi tí mi ò tiẹ̀ rí ọdún yìí wálé, mo ti dẹ́kun bíbéèrè fọ́tò iṣẹ́ tó parí. Fídíò ibi tó ń jò gan-an ni mò ń béèrè, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, kí n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀tún:

Ẹ ṣé o, àbúrò. Ẹ dákun, mò ń bọ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú lápá Ìkùn, ìyá mi ti ń kó aṣọ wọlé.

Ọmọ Ọ̀tún:

Mo ti jáde. Ó rọ̀ fún ìṣẹ́jú ogójì. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mi gbẹ láti òkè dé ibi ìṣó. Àmọ́ mo rí omi mìíràn lápá yàrá àlejò, mo ti fa ìlà tiẹ̀ náà. Káfíńtà ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.