Kí ló ń mú àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan máa ṣọdún Kérésì?

Àṣàkẹ́ Leeds béèrè:

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021 ní England àti Wales, ìdá 37.2 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ní àwọn kò ṣe ẹ̀sìn kankan. Síbẹ̀, tó bá ti di oṣù Kejìlá, ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba igi Kérésì, iná á máa tàn lójú fèrèsé, wọ́n á ra ẹ̀bùn fún tẹbí tọ̀rẹ́. Wọn kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni wọ́n wá ń ṣọdún lé lórí? Èkejì: bí irú wọn bá pe èèyàn wá jẹun lọ́jọ́ náà, kí ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé fàájì ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú dáhùn:

Àǹtí Àṣàkẹ́, ìsìn ọ̀tọ̀, ọdún ọ̀tọ̀. Wọ́n lè jọ rìn, ọ̀kan sì lè dá rìn. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n sì ń ṣe é dòní. Àmọ́ nínú àwọn régbérégbé tó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ jáde lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́sìn Kírísítì ò lóǹkà. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n gba Ìsìláàmù.

Kérésì ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti wà lójú ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní 1647, ilé aṣòfin tí àwọn Puritan ń darí fòfin de Kérésì. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó rọ̀ mọ́ Bíbélì jù ló fòfin dè é: Bíbélì ò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù, ọtí àti ayò sì ti gba ọjọ́ náà kan. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti 1659 títí di 1681, ṣílè 5 ni owó ìtanràn ẹni tó bá ṣe é. Ní Scotland náà, títí di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wà lọ́jọ́ Kérésì. Ọdún Tuntun ni wọ́n ń fi ṣàríyá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń rí nínú ilé wọn, ayé Ọbabìnrin Victoria ló tàn án kálẹ̀. Jámánì ni igi ti wá. Ó gbòde nígbà tí ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán ọbabìnrin náà, Albert ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn jáde ní 1848, tí wọ́n yí igi ká. Káàdì Kérésì, 1843 ni ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Cole, ní kí wọ́n tẹ àkọ́kọ́. Kò sí èyí tó ní kéèyàn kọ́kọ́ gbàgbọ́ kó tó lò ó.

Olùkọ́ Peckham dáhùn:

Òótọ́ ni, àmọ́ kàlẹ́ńdà ni mo rò pé ó lágbára ju ìtàn lọ. Ọlidé ni 25 àti 26 oṣù Kejìlá. Òfin ọdún 2004 ní England àti Wales ní kí ilé ìtajà tí ilẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ ju 280 mítà onígun mẹ́rin (square metres) má ṣí lọ́jọ́ Kérésì. Iléèwé ti tì. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester àti ìyá rẹ̀ tó wà ní Bristol, ìgbà mìíràn wo ni àyè á gba àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ tún fi òkùnkùn kún un. Nígbà Kérésì, oòrùn ti wọ̀ ní London kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iná tó ń tàn lójú fèrèsé nígbà náà, ara nílò rẹ̀. Kódà ní Sweden àti Norway, Jul ni wọ́n ń pe ọdún náà, orúkọ Kírísítì ò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹyẹ Òkè Òkun dáhùn:

Olùkọ́, Japan kò bá kàlẹ́ńdà yín mu. Ẹlẹ́sìn Kírísítì ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 25 oṣù Kejìlá kì í sì í ṣe ọlidé. Ìpolówó ló gbé e dúró níbẹ̀: láti 1974 ni ilé oúnjẹ KFC ti ń sọ fún wọn pé adìyẹ díndín ni oúnjẹ Kérésì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ń sanwó sílẹ̀. Kéèkì oníkírímù funfun tí wọ́n to èso strawberry lé ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ìyá Oníkéèkì dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì London náà kì í rìn. Ẹ ti ṣètò àlọ àti àbọ̀ ṣáájú, torí takisí á wọ́n.

Láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń jẹun. Ẹ mú wáìnì tàbí páálí ṣokoléètì dání, pọ́n-ùn 10 tó. Tó bá wù yín láti gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, ẹ sọ fún onílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ó ti ṣètò ohun tí ààrò rẹ̀ máa gbà. Wọn ò ní gbàdúrà sí oúnjẹ. Tí àwo gbogbo èèyàn bá ti kún, ẹ máa jẹ. Ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín lẹ máa fa cracker, ìyẹn páálí róbótó gígùn tí wọ́n fi bébà wé, á dún pòó, fìlà bébà á jáde: ẹ dé e. Ojú ẹni tó fúnni lẹ́bùn ni wọ́n ti ń tú u, ẹ má gbé e lọ sílé láìtú.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbà wọ́n lálejò, tòlótòló tó ti dì ló ń dójú ti èèyàn jù. Kílò kan ń gba wákàtí 10 sí 12 nínú fíríìjì kó tó yọ́, torí náà tòlótòló kílò 5 á gbà tó wákàtí 60. Ẹni tó bá mú un jáde lálẹ́ ọjọ́ 24, ìta rẹ̀ á pọ́n, yìnyín á ṣì wà nínú egungun, inú á sì máa run àwọn àlejò. Ẹ má fomi fọ̀ ọ́, kòkòrò àrùn ló ń ta ká ilé ìdáná. Ẹ fi òṣùwọ̀n ìgbóná gún ibi tí itan ti nípọn jù: tó bá ti pé 75°C, ó ti jinná.

Àṣàkẹ́ Leeds:

Ẹ ṣeun gan-an. Bí àlejò bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́?

Ìyá Oníkéèkì:

Kó sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó sì dárúkọ nǹkan náà níkọ̀ọ̀kan, torí "mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀" nìkan ò tó. Sọ́séèjì kéékèèké tí wọ́n fi nǹkan wé, ẹlẹ́dẹ̀ ni àtinú àtìta. Èyí tí wọ́n kì sínú tòlótòló sábà máa ń ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀, ìyẹn sì ti wọ inú ẹran tòlótòló fúnra rẹ̀. Wáìnì lè wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà sórí ẹran. Pudding Kérésì sábà máa ń ní ọtí brandy, ó sì lè ní ọ̀rá màlúù tí wọn ò pa nílànà Ìsìláàmù. Ànàmọ́ òyìnbó yíyan náà, kó béèrè òróró tí wọ́n fi yan án, torí ọ̀rá goose, ẹyẹ tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá, ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà ọdún.