Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Castelo dos Mouros ní Sintra, ẹ bọ́ síbí

Arìnrìnàjò: Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ Portugal, wọ́n ní ká má ṣàì dé odi àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ tó wà lórí òkè yẹn. Ṣó tó nǹkan téèyàn ń náwó sí?

Màmá Ìbejì: Ẹ má wọ bàtà gogoro o! Èmi wọ̀ ọ́ torí fọ́tò, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, atẹ́gùn wá ń fẹ́ bíi pé wọ́n rán an sí mi, mo ṣáà dé ilé ìṣọ́ tó kọjú sí ààfin pupa àti yẹ́lò yẹn, mo ní kí bàbá wọn yà mí, kó tó tẹ fóònù wíìgì ti lọ. Mò ń wò ó bó ṣe ń fò lọ sínú igbó nísàlẹ̀. Ọgọ́rin pọ́n-ùn! Kọ̀lẹ́sẹ̀ tí mo dì sábẹ́ ẹ̀ ló jáde nínú fọ́tò.

Ṣadé_K: 😂😂😂 Kọ̀lẹ́sẹ̀ kẹ̀

Ọmọ Àáfà: Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi. Sẹ́ńtúrì kẹjọ sí ìkẹsàn-án làwọn Móòrù, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ yẹn, kọ́ ọ. Nígbà tí Afonso Henriques, ọba àkọ́kọ́ ní Portugal, gba Lisbon lọ́wọ́ wọn ní 1147, àwọn ará odi yìí ò bá a jà, wọ́n túúbá ni. Ẹ wo àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta láti fi kó ọkà pamọ́, àti ibi tí wọ́n ń gba omi òjò sí. Ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn ju odi lọ.

Ṣeémáagbàgbọ́: Pẹ̀lú odi tó ga tó yẹn, wọn ò jà?

Ọmọ Àáfà: Lisbon ti lọ, ta ló fẹ́ wá gbà wọ́n?

Ṣeémáagbàgbọ́: Òun náà tún nìyẹn. Àmọ́ ẹ má pè é ní ògbólógbòó tán o, ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 ti bà á jẹ́, ọba Ferdinand kejì ló tún un ṣe ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún.

Ará Peckham: Ẹni tó ń mú wa kiri ní "oxalá" òjò ò ní rọ̀. Mo ní háà, wọ́n mọ Òrìṣàńlá níbí!

Ọmọ Àáfà: Òrìṣà bawo? Lárúbáwá ni, "tí Ọlọ́run bá fẹ́" ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Móòrù yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ìyá Bahia: Ẹ rọra o. Ní Brazil níbí, Òrìṣàńlá gan-an là ń pè ní Oxalá. Ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ ẹ̀, funfun la ń wọ̀.

Ará Peckham: Ẹ ṣé, màámi!!! Mi ò kúkú jẹ̀bi.

Ọmọ Àáfà: Ní Portugal lẹ wà o, ẹ ò sí ní Brazil.

Ṣadé_K: Funfun lọ́jọ́ Ẹtì, Jímọ̀ náà nìyẹn 😂

Arìnrìnàjò: Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ni mo máa wọ̀?

Ará Peckham: Rélùwéè láti Rossio ní Lisbon, bí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 434 níwájú ibùdókọ̀ Sintra. Orúnkún mi ò tíì dárí jì mí tí mo ní mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín.

Ṣadé_K: Màmá Ìbejì, níbo lẹ ti ra wíìgì yẹn gan-an?